Ẹ Fọwọ́ Kan Ojú Àpá Kí Ẹ Tó Ní Ọkàn Ló Bàjẹ́

Sí Olóòótú,

Okun o. Ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí dé etí àwọn ọdẹ, fijilanté àti àgbẹ̀ wa ní Yàgbà, Ìjùmú àti Bùnú.

Bí ọta ìbọn tàbí ọ̀bẹ bá wọ itan, ó lè lu iṣan méjì pọ̀: èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn àti èyí tó ń dá a padà. Ojú ọgbẹ́ á jiná, àmọ́ iṣan méjèèjì á ti là sínú ara wọn. Ẹ̀jẹ̀ á wá máa gba àbùjá padà sọ́kàn láìdé ibi tó yẹ kó bọ́. Kíndìnrín á rò pé ẹ̀jẹ̀ ò tó, á máa kó iyọ̀ àti omi jọ. Ọkàn tó yẹ kó máa tú nǹkan bíi lítà 5 jáde ní ìṣẹ́jú kan lè máa tú 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí á fi rẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ á wú, onítọ̀hún á máa mí gúlegúle bó bá dùbúlẹ̀. Èyí lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà táa ti gbàgbé ọgbẹ́.

Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú àpá náà jẹ́ẹ́jẹ́. Bó bá ń gbọ̀n rìrì bí ara ẹ̀rọ ìlọta, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Bí dókítà bá tẹ ibẹ̀ pa díẹ̀, tí ìlù ọkàn dẹwọ́, a jẹ́ pé ibẹ̀ ni wàhálà wà. Skáànù Doppler, ẹ̀rọ tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn hàn, á fi ihò tó wà láàárín iṣan méjèèjì hàn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ là á pé eéwo ni! Ẹ̀jẹ̀ tó máa tú lè pa èèyàn.

Furosemide, oògùn tó ń mú kéèyàn tọ̀ dáadáa, àti dídín iyọ̀ kù á fa omi kúrò lára, àmọ́ wọn ò lè dí ihò. Kódà, oògùn tó ń fẹ iṣan, tí wọ́n sábà ń fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, lè dá kún ìṣòro ẹni yìí, torí ẹ̀jẹ̀ ti ń rí ọ̀nà gbà jù tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni ojútùú: wọ́n á ya iṣan méjèèjì, wọ́n á rán an. Níbi tí irinṣẹ́ bá wà, wọ́n lè ti inú iṣan fi stent tó ní ìbòrí (ọ̀pá kékeré oníhò tí wọ́n ń tì bọ inú iṣan) dí i. Bí wọ́n bá tètè ṣe é, ọkàn tó ti fẹ̀ sábà máa ń súnkì padà.

Ti àwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn torí pé kíndìnrín wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́ yàtọ̀: dókítà ló mọ̀ọ́mọ̀ so iṣan apá wọn pọ̀, ó sì yẹ kó máa gbọ̀n. Bí wọ́n bá ń mí gúlegúle, kí wọ́n ní kí dókítà wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ ti pọ̀ jù.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ sí Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin, ẹ rí i pé ó wà nínú ìwé tí wọ́n kọ fún yín pé ọgbẹ́ ìbọn tàbí ọ̀bẹ wà rí, ẹsẹ̀ wo ni, ọdún wo ni. Dókítà tí kò gbọ́ nípa ọgbẹ́ lè má tú ṣòkòtò wo itan.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí