Lẹ́tà sí Àkànní ní Guangzhou, ní ilẹ̀ Ṣáínà

Àkànní, ọmọ ìyá mi,

Ó pé ọdún kan lónìí tí a sin Bàbá. Mo ń tú àpótí ìwé wọn ni káàdì funfun tí o fi ránṣẹ́ dípò ara rẹ já bọ́. O ní 孝 lo kọ sí i, xiào, ìtọ́jú òbí. 考 lo kọ, kǎo, ìdánwò. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n gbé mì ni mo sọ sí ọ lórí fóònù lójú ẹbí.

Tún un kọ. Ìlà méje ni 孝. Mẹ́rin òkè, 耂, dúró fún àgbà. Fa ìlà kúkúrú kan láti òsì sí ọ̀tún. Fa òmíràn wálẹ̀, kó gba àárín rẹ̀ kọjá. Fa gígùn kan sí ìsàlẹ̀, kí ti òòró dúró lé e lórí, kó má là á já. Ìkẹrin ni èyí tó dà láti òkè ọ̀tún wá sí ìsàlẹ̀ òsì. Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ ti ń yá jù. Bí o bá fà á wálẹ̀ ṣánṣán, ó ti gba àyè 子 nìyẹn, ọmọ, ìlà mẹ́ta tó yẹ kó wọ abẹ́ rẹ̀. 考 kò ju mẹ́fà lọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì tẹ̀ bíi 5.

Wo 老, àgbà. Ìlà méjì ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀pá ìtilẹ̀ ni láyé àtijọ́. Nínú 孝, wọ́n yọ ọ̀pá, wọ́n fi ọmọ sípò rẹ̀. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ti àwọn ará Ṣáínà rèé nínú ìlà méje. Aṣọ ọ̀fọ̀ tí ọmọ ń wọ̀ fún òbí náà, 孝 ni wọ́n ń pè é. Ohùn rẹ̀ ń já láti òkè wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà gẹ́lẹ́ sì ni 笑, ẹ̀rín.

Ṣùgbọ́n 考 kì í ṣe ìdánwò nìkan. Nínú èdè àtijọ́ wọn, bàbá tó ti kú ni. 先考 ni ọmọ ń kọ sára òkúta sàréè bàbá rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, n kò wí. Inú ló ń bí mi pé o ò wá.

Màmá ò lè dá gun àtẹ̀gùn mọ́. Èjìká mi òsì ni wọ́n ń gbára lé, kò sì jẹ́ kí n sùn mọ́ lóru. Mo ra ọ̀pá fún wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní kí n dá a padà, pé ọmọ méjì làwọn bí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ