Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa ní Ẹ̀pẹ́ lórí iye owó píkọ́ọ̀pù oníná

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ àti Èkó-Ẹ̀pẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ti Ìbẹ̀jú, Àgbọ̀wá àti Ìjẹ̀bú-Òde wá bá wa rajà, a kí yín, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín pé ẹ kò fi wá sílẹ̀ ní gbogbo àkókò tí ọjà ọkọ̀ fi le koko yìí.

Láti ìgbà tí a ti ń bá àwọn ènìyàn mú píkọ́ọ̀pù oníná, èyí tí ń fi bátìrì rìn láìlo epo, wọlé láti Amẹ́ríkà ni ìbéèrè méjì ti ń wọlé sí wa lemọ́lemọ́. Àwọn kan ń béèrè ìdí tí iye tí a kọ fún wọn fi ju iye tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà kéde lọ. Àwọn mìíràn, tí wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ tètè tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, ń béèrè ìdí tí a kò fi gba àfikún owó tí wọ́n fi lọ̀ wá kí a lè gbé ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti sanwó sílẹ̀ lé lórí fún wọn. Ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì wọnú ara wọn, ìdí nìyí tí a fi fẹ́ dáhùn wọn pọ̀ nínú ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo yín yóò rí kà.

Ìpinnu tí a ṣe rèé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ san àsansílẹ̀ lórí ọkọ̀ kan ni ó ni ọkọ̀ náà, iye dọ́là tí a sì kọ sínú ìwé rẹ̀ kò ní yí padà nítorí pé ẹlòmíràn gbé owó tó ju tirẹ̀ lọ wá. A kò ní fi píkọ́ọ̀pù kankan ṣe gbàǹjo láàárín àwọn oníbàárà wa. Bákan náà ni a kò ní máa ra ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti fi owó gọbọi lé iye sítíkà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kí a wá di ẹrù náà lé yín lórí bí ẹni pé owó ọkọ̀ gan-an ni.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí sítíkà jẹ́. Ní ọdún 1958 ni wọ́n ṣe òfin kan ní Amẹ́ríkà, tí Sẹ́nétọ̀ Mike Monroney láti ìpínlẹ̀ Oklahoma ṣe agbátẹrù rẹ̀, pé dandan ni kí ẹni tó ṣe ọkọ̀ tuntun lẹ ìwé mọ́ gíláàsì rẹ̀, kí iye owó ọkọ̀ àti ti gbogbo ohun tí wọ́n fi kún un sì wà lórí ìwé náà títí ọkọ̀ yóò fi dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Ṣùgbọ́n àbá ni iye náà, kò de oníṣòwò lọ́wọ́. Àwọn dílà tí ń ta ọkọ̀ Ford tàbí ti General Motors kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí. Oníṣòwò tó dá dúró ni wọ́n. Nígbà tí ọkọ̀ bá pọ̀ nílẹ̀, wọn a tà á dín sí sítíkà, nígbà tí ó bá sì wọ́n, wọn a gbé owó lé e, òfin ibẹ̀ kò sì ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ford F-150 Lightning, ìyẹn píkọ́ọ̀pù oníná ti Ford, ni ó fi èyí hàn kedere jù. Nígbà tí Ford fi ọkọ̀ náà han aráyé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, $39,974 ni iye tí wọ́n kéde fún èyí tó rẹlẹ̀ jù nínú rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 200,000, Ford sì ti ìforúkọsílẹ̀ pa, nítorí pé ilé ìṣẹ̀dá wọn ní Dearborn kò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀ láàárín àkókò díẹ̀. Oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu níbẹ̀. Nínú ọ̀wọ́n yìí ni àwọn dílà kan ti rí àyè. Wọ́n fi $30,000 lé ọkọ̀ kan, àwọn mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ń sọ fún ẹni tó ti ń retí ọkọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí ó san án tàbí kí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé e. Ford kọ̀wé kìlọ̀ fún wọn ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ó sì fún àwọn dílà láyè láti ní kí ẹni tó bá ra Lightning fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní tún un tà kí ọdún kan tó pé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wa ti jáde. Ford fúnra rẹ̀ gbé iye ọkọ̀ náà sókè léraléra, ó ní àwọn èròjà tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì ti wọ́n, títí èyí tó rẹlẹ̀ jù fi di $59,974 ní oṣù Kẹta ọdún 2023. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, wọ́n já a wálẹ̀ sí $49,995, nítorí pé iṣẹ́ ti yá sí i, ọ̀wọ́n èròjà sì ti rọlẹ̀. Nígbà tí ó fi di oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n ti dín iṣẹ́ kù sí ìdajì ní ilé ìṣẹ̀dá náà, torí pé àwọn tí ń rà á kò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe rò mọ́. Ẹni tó san $30,000 lé sítíkà nígbà ọ̀wọ́n kò rí owó náà gbà padà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ti Tesla yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé Tesla kò ní dílà; òun fúnra rẹ̀ ni ó ń ta ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn tó rà á ni wọ́n sọ ara wọn di alárobọ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi Cybertruck, píkọ́ọ̀pù oníná tiwọn, hàn, $39,900 ni wọ́n pe èyí tó rẹlẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin gbáko ni àwọn tó san $100 àsansílẹ̀ fi dúró. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde, tí wọ́n pè ní Foundation Series, bẹ̀rẹ̀ láti $99,990. Tesla kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹni tó bá tà á láàárín ọdún kan láìgbàṣẹ lè san $50,000 tàbí gbogbo iye tó gbà lórí rẹ̀, èyíkéyìí tó bá pọ̀ jù, Tesla sì lè kọ̀ láti ta ọkọ̀ fún un mọ́ láé. Síbẹ̀, ọ̀kan lọ ní iye tó lé ní $240,000 ní gbàǹjo ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, tí Tesla bẹ̀rẹ̀ sí í gba Cybertruck padà lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, $65,400 ni wọ́n dá lé ọ̀kan tí ẹni tó ni ín rà ní nǹkan bíi $100,000 ní ọdún tó ṣáájú. General Motors náà gbé ìgbésẹ̀ tirẹ̀ lórí Hummer oníná ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022: ẹni tó bá tún un tà láàárín oṣù méjìlá, ìdánilójú ilé-iṣẹ́ lórí ọkọ̀ náà kò ní bá a lọ sọ́dọ̀ ẹni tó rà á.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ará Amẹ́ríkà ni gbogbo èyí. Ó kan àwa tí a wà ní Ẹ̀pẹ́ gan-an, ó tilẹ̀ wúwo lórí wa ju bí ó ti wúwo lórí wọn lọ. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà tú iye pàṣípààrọ̀ sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, náírà tí kò tíì tó ₦480 sí dọ́là kan já lulẹ̀, títí ó fi kọjá ₦1,500 nínú ọdún 2024. Bí a bá fi ₦1,500 yìí ṣe ìṣirò, $20,000 tí ẹnìkan fi lé sítíkà ní Texas jẹ́ ₦30,000,000 nílẹ̀ yìí, kí ọkọ̀ náà tó wọ inú ọkọ̀ ojú omi rárá. Lórí rẹ̀ ni ìbánigbófò yóò tún ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tirẹ̀, nítorí pé iye tí ọkọ̀ bá tó ni wọ́n ń wò. ₦30,000,000 yẹn kò fi táyà kan kún ọkọ̀ náà, kò fi máìlì kan kún ìrìn rẹ̀. Ó dùn wá dọ́kàn pé ẹni tó fi ọdún púpọ̀ kó owó jọ nínú iṣẹ́ adìyẹ tàbí iṣẹ́ ilé kíkọ́ yóò san irú owó bẹ́ẹ̀ láìmọ̀ pé ó san án, torí pé ẹni tó tà á fún un lú gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan.

Àwọn kan máa ń sọ fún wa pé bí ọjà ṣe rí ni, pé ẹja pàápàá kì í dúró sójú iye kan ní ọjà Olúwo. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹja tí a rà ní ọ̀wọ́n lónìí, a ó jẹ ẹ́ tán lónìí, bó bá sì pọ̀ lọ́jọ́ ọjà mìíràn, a ó rà á ní ọ̀pọ̀. Ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: iye ọ̀wọ́n tí ẹ bá rà á ni ẹ ó máa gbé kiri fún gbogbo ọdún tí ẹ fi ń lò ó, ọjọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ tà á ni ẹ ó mọ̀ pé àwọn tó ń rà kò ka ọ̀wọ́n náà sí.

Alárobọ̀ ni àwa náà, èrè ni a fi ń jẹun, a kò sì fi í pamọ́. Láti ìsinsìnyí lọ, ìwé iye owó tí a ó fún yín yóò fi iye sítíkà hàn lórí ìlà tirẹ̀, pẹ̀lú àwòrán sítíkà náà bí ọkọ̀ bá jẹ́ tuntun. Owó ọkọ̀ ojú omi àti ìbánigbófò, owó aṣọ́bodè, owó agẹ́ẹ̀ǹtì àti owó gbígbé e láti èbúté dé Ẹ̀pẹ́ yóò wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Èrè wa yóò wà nísàlẹ̀ pátápátá, ìyẹn ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún iye sítíkà. Owó tí a ń san ní náírà lè yí padà bí pàṣípààrọ̀ bá yí, iye pàṣípààrọ̀ ọjọ́ tí a bá san án ni a ó sì lò, a ó fi ìwé báńkì hàn yín. Òfin Ìdíje àti Ìdáàbòbò Oníbàárà ti ọdún 2018 sọ pé ẹni tó ń tajà kò gbọdọ̀ gba iye tó ju èyí tó kọ síta lọ. A fẹ́ kí ẹ lè fi ìwé wa mú wa bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àdéhùn ọdún kan tún wà níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé òun ní mọ̀lẹ́bí kan ní Houston tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Cybertruck, tí yóò sì fi ránṣẹ́ sí yín kíákíá, ẹ bi í bóyá irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ wà lórí ọkọ̀ náà, àti bóyá ó ti gba àṣẹ láti tà á bí ó bá wà, kí ẹ sì ní kí ó fi ìwé tó fi rà á hàn yín. A kò ní bá ẹnikẹ́ni gbé ọkọ̀ tí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. A kò sì ní gbé èyíkéyìí gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, bó ti wù kí ẹni tó fẹ́ gbé e sọ pé ó rọrùn tó, nítorí pé láti oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti orí ilẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀yin tí ẹ rà á ni àwọn aṣọ́bodè yóò ti gbà á.

Ohun tó jẹ́ kí àwọn akọ́lé lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ fẹ́ràn Lightning yé wa dáadáa. Iná wà lára rẹ̀: èyí tó ní ẹ̀rọ tí ń pín iná síta lè fún irinṣẹ́ ní iná tó 9.6 kílówáàtì láti inú bátìrì rẹ̀, níbi tí kò sí òpó iná rárá. Ẹ ṣáà rántí pé iná Amẹ́ríkà ni, 60 Hz ni ó ń lọ, tiwa jẹ́ 50 Hz, nítorí náà kí oníṣẹ́ iná yín kọ́kọ́ yẹ ẹ̀rọ tó ní mọ́tò wò kí ẹ tó so ó mọ́ ọn. Bátìrì kékeré rẹ̀ gba 98 kílówáàtì-wákàtí; fún ilé tó wà ní Band A, ní ₦225 fún kílówáàtì-wákàtí kan tí wọ́n gbé e sí ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, kíkún rẹ̀ tó ₦22,050 nígbà náà, ó sì lé díẹ̀ nítorí iná tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà; iye náà ti yí padà láti ìgbà náà, nítorí náà iye tí ẹ ń san lọ́wọ́lọ́wọ́ ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò. Bí ẹ bá ń fi fa tírélà, ìrìn rẹ̀ lè dín sí ìdajì. Ihò tí ọkọ̀ Amẹ́ríkà fi ń gba iná kíákíá kò bá ti Yúróòpù tàbí ti Ṣáínà mu, nítorí náà iná ilé yín ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹni tí iná wákàtí mẹ́ta péré ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lójúmọ́, Hilux ni a ó gbà á nímọ̀ràn láti rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èrè wa lórí rẹ̀ kéré.

Ẹ̀yin tí ẹ ti san àsansílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ mú ìwé ẹ̀rí owó yín wá sí ọ́fíìsì kí a lè fún yín ní ìwé iye owó tuntun tó ní gbogbo ìlà wọ̀nyí. Ẹni tó bá kà á tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn yóò gba owó rẹ̀ padà láìyọ kọ́bọ̀ kan, níwọ̀n ìgbà tí a kò bá tíì sanwó ọkọ̀ náà ní Amẹ́ríkà. Bí a bá ti san án, a ó fi ìwé tí a fi san án hàn yín, a ó sì ta ọkọ̀ náà fún ẹni tó kàn lórí ìlà ní iye kan náà, owó yín yóò sì tẹ̀ yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí tirẹ̀ bá wọlé.

Àwa ni,
Ilé ìtajà ọkọ̀ yín, Ẹ̀pẹ́.