Ẹ ka ohm kí ẹ tó ra áńpù

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ bá wa sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń to orin pọ̀ ní Kàbà àti Ìsánlú: hẹ́dífóònù tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kì í fi dandan béèrè áńpù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi kún agbára iná tó ń lọ sínú hẹ́dífóònù. Ohm ni ìwọ̀n bí hẹ́dífóònù ṣe ń dènà iná tó. Philips SHP9500 jẹ́ 32 ohm. Fóònù lásán tó o. Sennheiser HD 600 jẹ́ 300 ohm. Fólítì 1 tó ń fún ti àkọ́kọ́ ní mílíwáàtì 31, díẹ̀ lé ní 3 péré ló ń fún èyí, ohùn á sì lọ sílẹ̀. Ẹ wo dB náà o, ìyẹn bí ohùn hẹ́dífóònù ṣe ń ròkè tó lórí agbára iná kan náà; ohm nìkan kò tó.

Nítorí pé ẹ̀yìn irú hẹ́dífóònù yìí ṣí sílẹ̀, ariwo jẹnẹrétọ̀ yóò wọlé tààrà. Ẹni tó ń kọrin sí máíkì kò gbọdọ̀ dé e sétí rárá, torí máíkì yóò gbé orin tó ń jò jáde.

Òǹkàwé yín,
Kàbà