Lẹ́tà sí Àǹtí Ràfátù, ọlọ́fínńdà Ìtòkú

Àǹtí mi,

A ṣe fìdáù yín lánàá. Èrò pọ̀, àmàlà ò kárí. Ká ní ẹ wà níbẹ̀ ni, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ bínú. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ yìí, ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ní lọ́fínńdà cactus, igi ẹlẹ́gùn-ún tó jọ oró, lòun ń wá, ìgò tí wọ́n ya oró sí lára. Àfi bíi pé mo gbọ́ yín lẹ́yìn mi: "Oró kẹ̀? Kí loró ń rùn?"

Ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ purọ́. Ara cactus ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní òórùn kan tí èèyàn lè fún jáde. Ohun tó wà nínú ìgò, àpòpọ̀ èròjà olóòórùn ni: hexenol, tí òórùn rẹ̀ dà bíi koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, àti nǹkan bíi Calone, tí iléeṣẹ́ apòògùn Pfizer ṣàwárí ní 1966, tó jọ afẹ́fẹ́ etí òkun àti wọ́tàmẹ́lọ̀n. Ẹni tó pò ó ló fi orí ara rẹ̀ gbé e kalẹ̀.

Òdòdó rẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Àwọn kan ń là lóru, ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á ti rọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó rọ, wọ́n á ta sánsán. Àwọn onímọ̀ òórùn bíi Roman Kaiser, ará Switzerland, á fi gíláàsì bo irú òdòdó bẹ́ẹ̀ láì já a, wọ́n á fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Òun àti Lars Tollsten kọ̀wé lórí òórùn cactus ní 1995. Àwọn àgbàlagbà ni o, Àǹtí, wọ́n ń gbóòórùn oró.

Oró olóje funfun ẹ̀yìnkùlé yín ńkọ́? Cactus gan-an kọ́, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni tìyẹn ti ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, èmi ni mo ní òórùn rẹ̀ ń ṣe mí bí omi inú àmù. Ìgò lọ́fínńdà Bint el Sudan wà lọ́wọ́ yín, oníbàárà kún iwájú yín, ẹ ní, "Imú ọmọ yìí ò gbóòórùn." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà bá wọn rín in. Kò pẹ́ sígbà yẹn lẹ gbé ìwé ìwọ̀n yín, tí ẹ kọ bí ẹ ṣe ń po lọ́fínńdà sí, fún Sàrátù, ọmọ iṣẹ́ tí a ò bá tan. Èmi tí mò ń pọnmi, tí mò ń to ìgò, tí mò ń gbé igbá yín lọ sílé lálẹ́, ẹ ò fi ojú ewé kan ṣoṣo hàn mí. Ká ní ẹ sọ pé ọ̀lẹ ni mí, ǹ bá gbà. "Ọmọ mi" lẹ ń pè mí títí ẹ fi kú.

Sàrátù gbé ọkọ̀ ńlá wá lánàá. Dọ́là ti sọ òróró lọ́fínńdà di wúrà mọ́ èmi lọ́wọ́, onílé sì ti fowó kún owó ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ mi obìnrin, tí imú rẹ̀ mú ju ti gbogbo wa lọ, ní ọ̀dọ̀ Sàrátù lòun fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́. Ibi sàráà yín ni wọ́n ti sọ ọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń retí ìdáhùn mi. Kí n ní kí ni, Àǹtí?