Àbẹ̀kẹ́, àṣírí ọ̀rẹ́ rẹ yẹn ń bà mí lẹ́rù

Àbẹ̀kẹ́ ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Orúnkún bàbá rẹ ti ń fúyẹ́, wọ́n ti bá wa tún ẹ̀rọ omi ṣe, àbúrò rẹ sì ti gba fọ́ọ̀mù JAMB. Ìyẹn kọ́ ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé.

Mo gbọ́ pé ọ̀rẹ́ rẹ àti ọmọkùnrin yẹn fẹ́ yọ́ lọ ṣègbéyàwó ní rẹ́jísírì, nítorí ẹjọ́ ilẹ̀ tó wà láàárín bàbá àwọn méjèèjì. Wọ́n ní ìwọ ni ẹlẹ́rìí. Wọ́n ní ìwọ lò ń sọ fún ìyá ọ̀rẹ́ rẹ pé ọ̀dọ̀ rẹ ló ń sùn. Irọ́, lẹ́nu ọmọ tí mo bí! Mo mọ̀ pé àánú ló ṣe ọ́. Láti kékeré lo ti máa ń yọ ẹran inú ọbẹ̀ rẹ fún ẹlòmíràn. Àánú yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

O rántí Romeo àti Juliet, eré Shakespeare tí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi? Àwọn ọmọ méjì yẹn ni gbogbo yín máa ń sunkún fún. Ní tèmi, Friar Laurence ni mo máa ń wò, àlùfáà Verona tó so wọ́n pọ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Kò níkà nínú. Ó rò pé ìgbéyàwó náà ni yóò parí ìjà ilé Montague, ilé Romeo, àti ilé Capulet, ilé Juliet. Nígbà tí bàbá Juliet wá fẹ́ fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 fún ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Paris, gbólóhùn kan ló kù kó sọ: ọmọ yín ti lọ́kọ, èmi ni mo so wọ́n pọ̀. Kò sọ ọ́. Oògùn ló gbé fún un, tí yóò mú un dà bí òkú fún wákàtí 42, ó wá kọ lẹ́tà sí Romeo ní Mantua, ìlú tó lọ nígbà tí wọ́n lé e kúrò ní Verona. Friar John, àlùfáà ẹgbẹ́ rẹ̀ tó fi lẹ́tà rán, kò débẹ̀. Wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n fura pé ó wọ ilé tí àjàkálẹ̀ àrùn wà. Ìránṣẹ́ Romeo ló kọ́kọ́ débẹ̀, ó ní Juliet ti kú. Kò purọ́, ohun tó fojú rí ló sọ.

Ta ni ì bá sọ òótọ́ fún Romeo? Ẹnu àlùfáà nìkan ló wà. Ó ti pa á mọ́ débi pé kò sẹ́lòmíràn tó lè gbà wọ́n. Ìyá Romeo pàápàá, ìbànújẹ́ ló pa á nígbà tí wọ́n lé ọmọ rẹ̀ nílùú.

Inú ibojì tí wọ́n gbé Juliet sí ló máa ń dùn mí jù. Juliet jí, ó ń béèrè ọkọ rẹ̀. Romeo ti gbé májèlé jẹ. Àlùfáà ní kó máa bọ̀, òun yóò fi í sọ́dọ̀ àwọn sísítà. Ìfipamọ́ náà ló tún kù lọ́wọ́ rẹ̀! Bó ṣe gbúròó àwọn ọlọ́dẹ, ó sá, ó fi í sílẹ̀ pẹ̀lú òkú ọkọ rẹ̀ àti ọ̀bẹ. Ẹni tí wọ́n fọkàn tán jù ló sá yẹn o.

Bí wàhálà bá dé, ṣé ìwọ ò ní sá? Má bínú, mo mọ̀ pé o láyà. Àmọ́ kí lo máa sọ fún ìyá ọ̀rẹ́ rẹ tó ń fi èlùbọ́ ránṣẹ́ sí ọ bí ọmọ tó bí?

Mi ò sọ èyí fún ọ rí. Àbúrò mi ọkùnrin fi yunifásítì sílẹ̀, mo mọ̀, mi ò sọ fún bàbá wa nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Bàbá ń ta kòkó, wọ́n ń fowó ilé ìwé ránṣẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ta oko náà fúnra rẹ̀. Èmi ni mo bá wọn ka owó ọ̀hún lórí tábìlì. Mo mọ̀, mo sì ń bá wọn kà á, Àbẹ̀kẹ́.

Nítorí náà, má sọ fún mi pé ire lò ń rò. Mo mọ̀ pé ire ni.

Mi ò ní kí o lọ tú àṣírí ọ̀rẹ́ rẹ lẹ́yìn rẹ̀. Sọ fún un pé o ò ní fọwọ́ síwèé títí yóò fi sọ fún àgbà kan nínú ilé wọn. Ìyá rẹ̀ àgbà kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ilẹ̀ yẹn. Bí ẹ̀rù bá ń bà á, màá bá yín lọ. Má sì purọ́ fún ìyá rẹ̀ mọ́, bẹ̀rẹ̀ láti òní.

Mo ti fi owó oúnjẹ sí àkáǹtì rẹ. Pè mí lálẹ́ yìí, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Ìyá rẹ.