Ẹ̀sùn lórí ìrìnàjò kẹ̀kẹ́ tí ẹ ní a ò ní fojú kan mọ́tò

Sí Ọ̀gá Iléeṣẹ́ Ìrìnàjò,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Yorùbá lẹ fi polówó ìrìnàjò yìí fún wa lórí WhatsApp, Yorùbá lẹ fi ń pè mí ní "aunty wa dáadáa" títí owó fi wọlé, torí náà Yorùbá ni màá fi bá yín jà.

Mo ṣì ní screenshot ohun tí ẹ kọ: "Ọjọ́ márùn-ún lórí kẹ̀kẹ́, láti Carhaix dé Nantes ní ilẹ̀ Faransé, ẹ̀bá kánààlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, inú igbó tútù, ẹ ò ní fojú kan mọ́tò." £1,180 la san, èmi àti àbúrò mi obìnrin, gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn gan-an la sì torí ẹ̀ san án. Mọ́tò gbá àbúrò mi lórí kẹ̀kẹ́ ní Old Kent Road ní London lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, eegun èjìká ẹ̀ kán, àtìgbà yẹn tó bá ti gbọ́ ìró mọ́tò lẹ́yìn ẹ̀ ńṣe ni gbogbo ara ẹ̀ máa ń gan. Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún ọmọbìnrin tó gbé fóònù yín, ó ní "ẹ fọkàn balẹ̀ aunty, ewúrẹ́ gan-an ẹ ò ní rí lọ́nà." Mọ́mì wa ní Ìkirè tiẹ̀ bi wá pé kí ló dé tá a máa sanwó kí wọ́n tó jẹ́ ká gun kẹ̀kẹ́ nínú igbó, ṣebí ẹni tó lówó mọ́tò ló ń wọ̀. A rẹ́rìn-ín mọ́mì nígbà yẹn.

Fẹ́rì alẹ́ la wọ̀ láti Plymouth dé Roscoff, ọkọ̀ van yín wá gbé wa ní àárọ̀, ó gbé wa dé Carhaix, ibẹ̀ la ti rí kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ gravel, èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́, la sanwó fún, táyà 40 ló wà nínú rìsíìtì, ìyẹn èyí tó fẹ̀ tó sì ní eyín tó lè di ilẹ̀ mú. Èyí tí ẹ gbé fún wa tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọwọ́ mi, 28 ni wọ́n kọ sára ẹ̀, ojú ẹ̀ ń dán bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀. Mo ní kí dírẹ́bà wò ó, ó ní òun ò mọ nǹkan kan o, kí òun ṣáà ti já kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n sọ fún òun.

Kí n má purọ́ mọ́ yín, ọjọ́ àkọ́kọ́ dùn. Kì í ṣe kánààlì Lagos tí wọ́n ń da pàǹtí sí o, omi ẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, igi bò ó lọ́tùn-ún lósì, ọ̀nà tí à ń gbà lẹ́bàá ẹ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fa ọkọ̀ ojú omi láyé àtijọ́, iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n gbé irin dábùú ẹnu ọ̀nà ẹ̀ kí mọ́tò má baà wọlé. Gbogbo bí a ṣe ń lọ là ń bá écluse pàdé, ìyẹn ilẹ̀kùn ńlá tí wọ́n fi ń sé omi kí ọkọ̀ lè gun òkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀, ó lé ní 230 irú ẹ̀ tí wọ́n kọ́ láàárín Nantes sí Brest. Napoleon ló ní kí wọ́n gbẹ́ kánààlì yìí torí pé ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì dí ojú òkun mọ́ ọn, ó fẹ́ ọ̀nà inú ilẹ̀ tí ẹrù máa gbà dé èbúté Brest. Ní Glomel, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n kó wá gbẹ́ ibẹ̀, láti 1823 sí 1832, wọ́n la inú òkè kọjá, ó lé ní 3 km. A gun kẹ̀kẹ́ gba ibẹ̀, ó dákẹ́ rọ́rọ́, àbúrò mi ń kọrin. Mi ò gbọ́ kó kọrin lórí kẹ̀kẹ́ láti ọdún mẹ́ta.

Ọjọ́ kejì ni wàhálà yín bẹ̀rẹ̀. A kúrò ní Gouarec, a dé Bon-Repos níbi tí ilé àtijọ́ àwọn mọ́ǹkì, àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà, wà, fáìlì GPX tí ẹ fi ránṣẹ́ wá, ìyẹn máàpù orí fóònù tó ń júwe ọ̀nà, ní ká yà kúrò lẹ́bàá omi, ká gun òkè kékeré kan, bá a ṣe yọrí, títì ńlá! Mo rò pé a kàn máa dá a kọjá sí òdìkejì ni. Rárá o, fáìlì ní ká máa tọ̀ ọ́ lọ. Tírélà tó kó ẹlẹ́dẹ̀ kan kọjá lára wa, ó sún mọ́ wa débi pé mo rí imú àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà láàárín irin (ewúrẹ́ lẹ ní a ò ní rí, òótọ́ ni, ẹlẹ́dẹ̀ la rí), atẹ́gùn ẹ̀ ti àbúrò mi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí mo máa wẹ̀yìn ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó dúró sínú koríko, kẹ̀kẹ́ wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì sì fún bíréèkì mọ́lẹ̀, kò lè tú u. Mo bi í pé ṣé ó fara pa, kò dá mi lóhùn. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣí ìka ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kúrò lára bíréèkì yẹn.

A wá ń ti kẹ̀kẹ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó tó wákàtí kan ààbọ̀, títí a fi dé ìtòsí Caurel, bàbá arúgbó kan tó ń mú ajá ẹ̀ rìn wò wá títí, ó na ọwọ́ sẹ́yìn igi tó wà lápá ọ̀tún wa. Ọ̀nà wà níbẹ̀! Ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ tí wọ́n ti tú irin ẹ̀, ó tẹ́jú, igi ṣíji bò ó, àwọn ọmọdé ń gun kẹ̀kẹ́ lórí ẹ̀, kò jìnnà sí títì tí tírélà ti fẹ́ pa wá, léraléra ni wọ́n sì lẹ àmì mọ́ igi láti Bon-Repos.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí kò fi yà mí lẹ́nu. "Ẹ̀bá kánààlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin" tí ẹ kọ yẹn, kò lè ṣeé ṣe láéláé, torí pé kánààlì ibẹ̀ wà lábẹ́ omi. Ní 1930 ni wọ́n parí dáàmù Guerlédan, adágún bo écluse, ó bo ọ̀nà ẹsẹ̀, ó bo ilé. Ní 2015 tí wọ́n fa adágún náà gbẹ láti yẹ dáàmù wò, ńṣe làwọn èèyàn ń rọ́ wá wo ohun tó ti wà nísàlẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ dé ibẹ̀ rí ló mọ̀ pé ọ̀nà rélùwéè lèèyàn máa gbà yí i ká. Ẹ̀yin ò dé ibẹ̀ rí. Inú ọ́fíìsì lẹ jókòó sí tí ẹ lọ wa fáìlì àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ eré ìje sáré lórí títì, tí ẹ fi orúkọ yín sí i.

Ẹ̀rí? Bá a ṣe dé Mûr-de-Bretagne, fáìlì yín ní ká gun òkè tí àwọn Tour de France, eré ìje kẹ̀kẹ́ ńlá ti Faransé, ń gùn. Òkè yẹn kan náà o, 2 km, 6.9%, ibẹ̀ ni wọ́n ti parí eré lọ́jọ́ kan ní 2021 àti ní 2025. Fáìlì yín ní ká gùn ún, ká tún sọ̀ kalẹ̀, ká padà síbi tá a ti kúrò. Kí la fẹ́ wá lọ síbẹ̀? Ọmọ ọdún 54 ni mí, nọ́ọ̀sì ni mí, mi ò bá Pogačar, ọ̀gá àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje, díje.

Mo pè yín láti ìsàlẹ̀ òkè yẹn ní aago méjì ààbọ̀, ẹ̀rí ẹ̀ wà lórí fóònù mi. Ẹ ní "aunty, ẹ má rò ó bẹ́ẹ̀, a máa pe yín padà." Títí di òní, ẹ ò tíì pè.

Láti Pontivy ni mo ti pa fáìlì yín rẹ́, àmì Vélodyssée, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ńlá kan ní Faransé, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọ̀nà là ń tẹ̀ lé, ọ̀fẹ́ ni. Josselin pẹ̀lú ilé olódi àwọn ìjòyè Rohan tó ga lórí omi, Malestroit, Redon, ó dára ju fọ́tò yín lọ. Àmọ́ òjò rọ̀ lọ́jọ́ kẹrin, táyà bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ yẹn gbé mi ṣubú lẹ́ẹ̀mejì sínú ẹrẹ̀. Àpò ẹrù wa náà sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì ọ̀tọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ká má tiẹ̀ sọ̀rọ̀ ìyẹn.

Ohun kan ṣì wà tí mo fẹ́ bá yín sọ bí ọmọ ìyá. Ní Nantes, ìwé yín ní ká lọ wo erin ńlá tí wọ́n fi igi àti irin ṣe. A lọ. Àmọ́ etí odò ibẹ̀ kan náà ni wọ́n kọ́ ibi ìrántí òpin òwò ẹrú sí láti 2012, orúkọ àwọn ọkọ̀ tó gbéra ní Nantes wà lórí dígí nílẹ̀, èèyàn ń tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ ò kọ lẹ́tà kan nípa ẹ̀. Àwa la ṣèèṣì bá a.

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Ẹ dá £590 padà, ìdajì owó, torí pé kẹ̀kẹ́ tí ẹ tà fún wa kọ́ lẹ gbé wá, ọ̀nà tí ẹ tà fún wa kọ́ lẹ sì fi hàn wá, òfin ìrìnàjò àpapọ̀ ti 2018 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ní kí oníbàárà gba ẹ̀dínwó tí nǹkan ò bá bá àdéhùn mu. Ẹ tún fáìlì yẹn ṣe kí ẹ tó fún ẹlòmíì. Ẹ sì pe àbúrò mi, kì í ṣe èmi, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ lẹ́nu ara yín. Mo fún yín ní ọjọ́ 14, lẹ́yìn ẹ̀ mo ń lọ kóòtù kékeré.

Ní ti £35 tí ẹ yọ lórí káàdì mi lánàá pé kẹ̀kẹ́ gravel padà wálé pẹ̀lú ẹrẹ̀, ẹ dá ìyẹn padà lónìí.

Èmi ni,
Aunty yín dáadáa, Peckham