Lẹ́tà sí Adéọlá lórí ẹ̀kán epo aládàlú

Ilé-Ifẹ̀,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Adéọlá ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù Jámánì o. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì ti yẹ gíráàfù inú rẹ̀ wò, èyí tí o fi kóòdù kọ̀ǹpútà ṣírò láti fi hàn bí ẹ̀kán epo aládàlú ṣe ń gbẹ nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná. Ìlà d² rẹ (ìbú ẹ̀kán ní ìlọ́po ara rẹ̀, bí àkókò ṣe ń lọ) ń sọ̀ tààrà bí ẹni fi rúlà fà á. Epo kan ṣoṣo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti gbóná tó. Heptane àti hexadecane lo dà pọ̀: ọ̀kan ń hó ní 98°C, èkejì di nǹkan bí 287°C. Ìlà àdàlù wọn yóò kọ́kọ́ já wálẹ̀, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró nígbà tí ẹ̀kán tún ń gbóná sí i, kó tó máa sọ̀ lọ. Bí kò bá tẹ̀ níbi kankan, á jẹ́ pé o ti pa epo méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan nínú kóòdù.

Pín wọn. Ṣírò ìfúnpá oru epo kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ooru ojú ẹ̀kán, kí o fi ìpín mole rẹ̀ (ìpín mólékù rẹ̀ nínú gbogbo mólékù) ní ojú ibẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Òfin Raoult nìyẹn. Bó bá jẹ́ ethanol lo dà mọ́ pẹtiróòlù, má fọkàn tán òfin yẹn: mólékù wọn kì í fẹ́ bára gbé, ethanol sì máa ń jáde ju bí òfin ti wí lọ. UNIFAC, ọ̀nà ìṣírò tó ń wo bí mólékù ṣe ń bára wọn ṣe, ni kí o fi tún un ṣe. Èyí tó kù, o mọ̀ ọ́n: iye Spalding (tó ń fi oru ojú ẹ̀kán wé ti afẹ́fẹ́ tó yí i ká), Sh = 2 + 0.6 Re^½ Sc^⅓ (Sh, iye Sherwood, ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé oru lọ tó; Re àti Sc ni iye Reynolds àti Schmidt ti afẹ́fẹ́ náà), àti àtúnṣe Abramzon àti Sirignano ti 1989, nítorí oru tó ń jáde ń mú kí awọ afẹ́fẹ́ tó bo ẹ̀kán nípọn sí i.

Inú ẹ̀kán gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. O ní àdàlù náà pò dọ́gba láti àárín dé ojú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kán tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 50 µm (µm kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mítà), ìdajì rẹ̀, R, jẹ́ 25 µm. Nínú epo, mólékù ń rìn ní nǹkan bí 10⁻⁹ m²/s, èyí ni D. R²/D fún ọ ní 0.6 ìṣẹ́jú àáyá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kán náà ti lè gbẹ tán nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná kó tó pé 0.1. Heptane àárín kò rí ọ̀nà dé ojú. Hexadecane bò ó mọ́lẹ̀, heptane náà gbóná kọjá ibi tó ti yẹ kó hó, ẹ̀kán sì lè bú. Ṣé o rántí bí òróró alákàrà ṣe ń ta nígbà tí omi bá kán sínú rẹ̀? Ohun kan náà ni. Gé ẹ̀kán sí awọ bí àlùbọ́sà, 30 sí 50, kí awọ tó súnmọ́ ojú tínrín jù lọ.

Ní ti afẹ́fẹ́ tó ń rú gùdù, ní 600 K (nǹkan bí 327°C) ẹ̀kán rẹ nílò bíi 3.4 ms (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá) kó tó gbà láti bá afẹ́fẹ́ rìn. Bí àkókò yìí bá bá ti ìyípo afẹ́fẹ́ dọ́gba, ìyípo á ju ẹ̀kán síta, wọn á sì kó jọ sójú kan. Aṣọ tí a sá lé ara wọn lásìkò òjò kì í tètè gbẹ. Oru ara wọn ló ń dí wọn lọ́wọ́. Bí o bá fi ìpíndọ́gba oru inú sẹ́ẹ̀lì (àpótí kéékèèké tí kóòdù pín afẹ́fẹ́ sí) ṣírò, ìkójọ yìí kò ní hàn, ẹ̀kán rẹ á sì gbẹ ju bó ti yẹ lọ. Tún ṣọ́ èyí: bí ìbú ẹ̀kán bá di ìdajì, 3.4 ms di 0.85. Ẹ̀kán tó ń ṣe agídí tẹ́lẹ̀ á wá máa tẹ̀lé gbogbo ìyípo.

Ìparí ẹ̀kán ni kóòdù máa ń dàrú. Ìgbésẹ̀ àkókò tó bá a mu ní 50 µm ti gùn jù ní 5 µm, ìwọ̀n heptane á sì lọ sábẹ́ òdo. Lo ọ̀nà implicit (tó ń fi iye òpin ìgbésẹ̀ ṣe ìṣírò), dín ìgbésẹ̀ kù bí d² ti ń dín kù, kí o sì yọ ẹ̀kán nígbà tó bá ku 0.1% ìwọ̀n rẹ̀. Má ṣe sọ ìyókù yẹn nù, fi í fún afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà, ka epo kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀: èyí tó kúrò nínú ẹ̀kán gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú èyí tó wọ afẹ́fẹ́.

Fi ẹ̀kán kan ṣoṣo nínú afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀. Heptane nìkan, kó o tó da hexadecane mọ́ ọn. Láptọ́ọ̀pù á ṣe é kí iná ọba tó lọ, kódà níbí ní Ifẹ̀. Fi gíráàfù heptane ojú àti ti àárín ránṣẹ́ sí mi, lórí ìwé kan náà. Bí méjèèjì bá ṣì lẹ̀ mọ́ra, a ó tún awọ wọ̀nyẹn gé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Táíwò